Lẹ́tà Yín, Èsì Wa: Ìdí Tí Edith Keeler Fi Ní Láti Kú

Ní oṣù tó kọjá, mo rọ ẹ̀yin òǹkàwé wa lójú ìwé yìí pé kí ẹ wá àyè wo apá kan ṣoṣo nínú eré Star Trek ti àtijọ́, èyí tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "The City on the Edge of Forever", tí àwa lè pè ní "Ìlú Etí Ayérayé". Mo rò pé lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni n óò rí gbà, nítorí eré orí tẹlifíṣàn tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í sábà fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn mọ́. Ìṣirò mi kò bọ́ sí i. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n jọra pọ̀, mo sì fi orúkọ àwọn tó kọ̀wé pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ẹni tí kò bá tíì wo eré náà, kí ó mọ̀ pé gbogbo àṣírí rẹ̀ ni a ó tú síta níbí.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ló bá mi wá eré náà jáde lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ mi ń bẹ lórí iná. Nígbà tí n ó fi padà dé, àwọn ọkùnrin méjì ti ń jí aṣọ ká lórí okùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, kí sì ni wọ́n ń yìn nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìlọrin)

Ẹ ṣé, ìyá wa. Ọbẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ kí ó jóná nítorí Amẹ́ríkà.

Gene Roddenberry ni ó dá Star Trek sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn NBC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àfihàn rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, apá 79 ni wọ́n sì ṣe kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1969. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan, Enterprise, ni àwọn ènìyàn inú eré náà ń gbé kiri láàárín àwọn ìràwọ̀: Kirk ni ọ̀gá ọkọ̀, Spock elétí ṣóńṣó ni igbá kejì rẹ̀, McCoy sì ni dókítà wọn. Apá tí à ń sọ yìí jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1967, ní ìgbà tí ọdún àkọ́kọ́ eré náà ti ń lọ sópin.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọkọ̀ náà ń mì tìtì, nítorí pé ohun kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ wọn ń mú kí àkókò fúnra rẹ̀ máa ru bí ìgbì òkun. McCoy ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwọ̀nba oògùn líle kan sọ ẹnì kan jí ni ọkọ̀ tún mì, ó ṣubú lu abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo oògùn tó kù nínú rẹ̀ sì tú sí i lára. Orí rẹ̀ dàrú. Ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní apààyàn, ó sì sá fún wọn lọ sórí pílánẹ́ẹ̀tì náà. Òrùka òkúta gàgàrà kan dúró níbẹ̀ láàárín àwókù, ó ń fọhùn bí ènìyàn, ó ń pe ara rẹ̀ ní Olùṣọ́ Ayérayé, ìgbà àtijọ́ sì ń sáré kọjá nínú ihò rẹ̀ bí àwòrán sinimá. McCoy bẹ́ gìjà sínú rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Uhura, ọmọbìnrin adúláwọ̀ tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti inú ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò tilẹ̀ sí rí, nítorí pé McCoy ti ṣe ohun kan láyé àtijọ́ tí ó pa gbogbo ìtàn tó bí wọn rẹ́. Kirk àti Spock bá bẹ́ tẹ̀lé e, wọ́n sì já sí New York ní ọdún 1930 pẹ̀lú aṣọ tí gbogbo ojú pópó ń wò. Ìdí tí ẹ fi bá wọn nídìí okùn aṣọ nìyẹn.

Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 1929. Omidan kan, Edith Keeler, ni ó ń ṣàkóso ilé àánú tí àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ti ń jẹun. Ó gba Kirk àti Spock síṣẹ́ ní sẹ́ǹtì 15 fún wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, ó sì júwe yàrá olówó dọ́là 2 lọ́sẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ: ó ń sọ fún wọn pé lọ́jọ́ kan, ọmọ ènìyàn yóò di agbára inú átọ́ọ̀mù mú, yóò fi ọkọ̀ rin ìrìn àjò láàárín àwọn ìràwọ̀, yóò sì rí ọ̀nà àtibọ́ àwọn tí ebi ń pa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó jókòó ń kùn pé ọ̀rọ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀. Kirk nìkan ni ó tẹ́tí, nítorí pé inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ti wá. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ní yàrá olówó pọ́ọ́kú yẹn, Spock ń gbìyànjú láti so ẹ̀rọ kan tí yóò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí McCoy yí padà. Ó ní òun fẹ́ nǹkan bíi páùn márùn-ún tàbí mẹ́fà irin pílátínọ́ọ̀mù. Kirk ti ọjà dé, ó gbé ẹ̀fọ́ kalẹ̀ fún un pẹ̀lú àwọn gílóòbù rédíò díẹ̀, ó ní ibi tí owó iṣẹ́ àwọn lè dé nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá ti rán ní iṣẹ́ ńlá láìfún un lówó yóò ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ níkẹyìn, ó sì fi ìwé ìròyìn méjì hàn wọ́n: ọ̀kan sọ pé Edith Keeler kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1930, èkejì sọ pé ó bá Ààrẹ Amẹ́ríkà ṣèpàdé ní 1936. Ọ̀kan péré nínú méjèèjì ni ó lè jẹ́ òtítọ́. Bí ó bá kú, ayé tí Kirk mọ̀ yóò padà. Bí ó bá yè, ẹgbẹ́ alálàáfíà tí yóò dá sílẹ̀ yóò dá Amẹ́ríkà lọ́wọ́ kọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Jámánì yóò kọ́kọ́ ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, Hitler yóò sì borí.

Èyí ni wọ́n ń yìn, ìyá wa: àwọn tó ṣe eré náà kò fún Kirk ní ọ̀tá kankan tí yóò bá jà. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí olè. Ẹni tí ó dára jù nínú ìtàn ni ikú rẹ̀ di dandan, ẹni tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ jù ni yóò jẹ́ kí ó kú.

Mo kí yín tìyìn-tìyìn. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìtàn, n kò sì gba ọ̀rọ̀ Spock gbọ́. Báwo ni obìnrin kan tó ń pín ọbẹ̀ yóò ṣe dá Amẹ́ríkà dúró lẹ́nu ogun? Ṣé Jámánì tilẹ̀ súnmọ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì ni? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá. Ẹ ti fi ọwọ́ kan ibi tí ilé náà ti ń jò.

Àwọn èèlò tí wọ́n fi kọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ lásán. Láti ọdún 1935 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn òfin tí kò ní jẹ́ kí orílẹ̀-èdè náà tún kó wọnú ogun àwọn ẹlòmíràn. Ní 1940, wọ́n dá ẹgbẹ́ ńlá kan tí ń jẹ́ America First sílẹ̀ láti tako ogun. Omi wúwo tí Spock mẹ́nu kàn, irú omi kan tí àwọn onímọ̀ ń lò nínú ìwádìí agbára átọ́ọ̀mù, wà lóòótọ́; ilé iṣẹ́ Vemork ní Norway ni wọ́n ti ń ṣe é fún Jámánì, àwọn ọmọ Norway tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ ogun ní Britain sì lọ ba ibẹ̀ jẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 1943. Àdó olóró V-2 tí ó ní wọn yóò fi gbé bọ́ǹbù náà ń bọ́ lu London láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944.

Ṣùgbọ́n ìdè tó so wọ́n pọ̀ kò le. Japan ni ó kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà dìbò lórí ogun, ẹnì kan ṣoṣo ni ó dìbò pé òun kò fẹ́, obìnrin ni, Jeannette Rankin ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ America First tú ká láàárín ọjọ́ díẹ̀. Jámánì fúnra rẹ̀ sì ni ó kéde ogun lórí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Bí ẹgbẹ́ Edith bá tóbi ju America First lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ sọ fún mi bí yóò ṣe dá orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ju bọ́ǹbù lù dúró. Ní ti bọ́ǹbù átọ́míìkì, àwọn onímọ̀ Jámánì ṣì jìnnà sí i pátápátá nígbà tí ogun parí ní 1945. Kì í ṣe ọdún kan tàbí méjì ni ó kù fún wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá fún Spock ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún un.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, a ò bá kàn rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni ọjọ́ tí wọ́n gbé eré náà jáde. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1967, Martin Luther King dúró nínú ìjọ Riverside ní New York, ó sì sọ̀rọ̀ kíkan lòdì sí ogun tí Amẹ́ríkà ń jà ní Vietnam. Àwọn tó ti ń kan sáárá sí i tẹ́lẹ̀ bínú sí i, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Ọjọ́ kejì ọjọ́ yẹn ni mo máa ń ronú sí, àti ọjọ́ kẹta: nítorí ní alẹ́ ọjọ́ 6, NBC fi eré kan han gbogbo Amẹ́ríkà nínú èyí tí oníwàásù àlàáfíà kan ní New York gbọ́dọ̀ kú kí ayé má baà bàjẹ́. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ya eré náà, nítorí náà kò sí ẹni tó fi í dá King lóhùn. Ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bọ́ sí i pé ọjọ́ náà pé àádọ́ta ọdún gééré tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1917, ogun tí Jeannette Rankin kan náà dìbò lòdì sí.

(Kí n yà díẹ̀: Nichelle Nichols tí ó ṣe Uhura sọ lọ́pọ̀ ìgbà nígbà ayé rẹ̀ pé òun ti fẹ́ fi Star Trek sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, pé King ni ó bẹ òun kí òun má lọ. Ó ní olólùfẹ́ eré náà ni King í ṣe.)

Ohun tó gba eré náà lọ́wọ́ mi kò ju gbólóhùn kan lọ. Nígbà tí Kirk ní Edith tọ̀nà, pé àlàáfíà ni ó yẹ, Spock kò jiyàn. Ó ní ó tọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà rẹ̀ kò tíì tó. Mo mọ̀ pé ẹnu àwọn tó fẹ́ jagun ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti máa ń jáde jù. Síbẹ̀, eré tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó pa obìnrin náà gbà pé obìnrin náà tọ̀nà kò fi gbogbo ara dúró lẹ́yìn ogun.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Alágbe kan jí ìbọn McCoy, ó tẹ̀ ẹ́, iná tàn yẹ̀rì, ó sì pòórá. Òun náà kú ní 1930! Kí ló dé tí ikú tirẹ̀ kò yí ìtàn padà? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀yọ́)

Ìbéèrè rẹ ni ó dára jù nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, ọmọ mi, èmi náà sì ti bi ara mi rí.

Jẹ́ kí a padà wo ọkùnrin náà dáadáa. Ìgò mílíìkì tó jí gbé ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí McCoy já lù ú láti ojú afẹ́fẹ́. McCoy gbá a mú, ó ń bi í ní ibi tí òun wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí àwọn ilé ìwòsàn ìgbà yẹn, níbi tí wọ́n ti ń gé ènìyàn tí wọ́n sì ń rán an bí aṣọ. Ọkùnrin náà kò lóye ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí McCoy dákú, ó tú àpò rẹ̀ wò bí ẹni tí ebi ń pa yóò ti ṣe, ó rí ohun kékeré kan tí ń dán, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, kò sì mọ̀ pé ìbọn ni. Ìyẹn ni òpin rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí i, kò sì sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ títí eré náà fi parí. Orúkọ tí wọ́n kọ fún un nínú àkọsílẹ̀ àwọn òṣèré kò ju Eku lọ.

Èsì tí àwọn tó fẹ́ gbèjà eré náà máa ń fọ̀ ni pé bóyá ọkùnrin náà ì bá kú lọ́sẹ̀ yẹn náà nítorí ebi tàbí òtútù, tí ikú rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan kan fún ìtàn. Mo gbà pé ìdáhùn náà dúró. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń sọ: pé obìnrin kan wà tí ayé yóò wó bí kò bá kú, ọkùnrin kan sì wà nínú òpópónà kan náà tí ayé kò ní mọ̀ bí ó kú tàbí ó yè. Edith Keeler kì bá gba èyí gbọ́ láé. Irú ọkùnrin yẹn gan-an ni ó ń sè fún.

Ó ṣeni láàánú pé ẹni tó kọ́kọ́ kọ eré náà ti ronú kan ìbéèrè rẹ yìí. Nínú ìwé eré tirẹ̀, ọkùnrin kan wà tí ó pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ní Verdun, lójú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó ń ṣagbe lójú pópó New York. Ó ran Kirk lọ́wọ́, ó sì kú nítorí rẹ̀. Kirk béèrè bóyá ikú ọkùnrin náà yí nǹkan padà. Wọ́n fún un lésì pé rárá, kò já mọ́ nǹkan kan, èsì náà sì dun Kirk wọra. Wọ́n yọ ọkùnrin yẹn kúrò kí wọ́n tó ya eré náà, alágbe onímílíìkì ni ó sì kù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gé kúrò, òun ni mo ń ṣàárò jù.

Ọ̀gá olóòtú, mo ń kí yín láti Peckham ní London. Wọ́n ní ẹni tó kọ eré náà kò gbà pé òun ló kọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni? (Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan)

Ẹ kú òtútù o. Òótọ́ kọ́ pátápátá, irọ́ náà sì kọ́.

Harlan Ellison ni ó kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé eré tí ó kọ gùn, owó tí yóò náni sì pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn tún un kọ: Steven Carabatsos, Gene Coon, D. C. Fontana, títí tó fi dé ọwọ́ Roddenberry. Inú Ellison ru. Ó ní kí wọ́n kọ Cordwainer Bird dípò orúkọ òun, èyí tí ó máa ń lò nígbà tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n ti ba iṣẹ́ òun jẹ́. Wọn kò gbà fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn wọn dá ìwé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́lá, tí èyí tí wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn sì gba ẹ̀bùn Hugo, tí wọ́n ń fún àwọn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ní 1968. Ìyẹn ni pé oúnjẹ kan náà gba ẹ̀bùn ní tútù, ó tún gbà á ní sísè. Ellison tẹ ìwé eré náà jáde fúnra rẹ̀ nígbà tó yá, kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú ní 2018.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà ní ìparí. Nínú èyí tí Ellison kọ, ìfẹ́ borí Kirk ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn: ó fẹ́ sáré lọ gba Edith là, Spock ni ó dá a dúró. Nínú èyí tí a wò, Kirk fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Àwọn kan ń sọ pé ti Ellison ni ó jọ ènìyàn jù, pé ẹni tí ìfẹ́ mú kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Bí Spock bá ṣe é, Kirk lè máa bínú sí Spock títí ayé, ìbínú a sì máa gbé lára ẹrù ọ̀fọ̀ kúrò fún ni. Èyí tí wọ́n ṣe kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ tí yóò dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin olóòtú, ṣé New York gidi ni wọ́n ti ya á? Kí ni "ìlú" tí wọ́n ń pè nínú àkọlé yẹn sì túmọ̀ sí, nígbà tí a kò rí ìlú kankan lọ́dọ̀ òkúta náà? (Òǹkàwé kan, Ṣàgámù)

Kì í ṣe New York. Òpópónà àtọwọ́dá ni, ní Culver City ní California, níbi tí wọ́n ti ń ya ọ̀pọ̀ eré mìíràn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú yóò rí àkọlé ilé agẹrun kan tí Kirk àti Edith gbà kọjá, tí ó jẹ́ ti eré apanilẹ́rìn-ín mìíràn tí Andy Griffith ṣe. Ní ti ìlú, inú ìwé eré Ellison ni ó wà. Àwókù ni ó dà nígbà tí wọ́n tún un kọ, wọ́n sì fi àkọlé sílẹ̀ bí ó ti wà. Kí n fi ẹ̀fẹ̀ kan lé e: Edith sọ pé òun fẹ́ lọ wo fíìmù Clark Gable, ọ̀rọ̀ náà sì ya McCoy lẹ́nu nítorí pé kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1930, àwọn ará New York pàápàá kì bá mọ̀ ọ́n. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Ẹ kú làákàyè. Bí mo ti ń wò ó ni mo ń sọ fún ìyàwó mi pé àyànmọ́ ni. Ohun tí Edith yàn lọ́run ni, kò sí bí Kirk ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ṣé mo ṣì í? (Bàbá àgbà kan, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú ọjọ́ ogbó, bàbá. N kò ní sọ pé ẹ ṣì í, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wo ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn.

Nínú ohun tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́, ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni ó yan ìpín, Ọ̀rúnmìlà sì wà níbẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀ràn bá wọ́, a ó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí náà, a ó rúbọ, a ó sì wá bí a ó ti ṣe é. Olùṣọ́ Ayérayé tí ó wà nínú eré yìí kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí ìgbà tí Kirk ní kí ó dín eré àwọn àwòrán rẹ̀ kù kí àwọn lè rí ibi tí àwọn yóò bẹ́ sí. Ó ní bí wọ́n ṣe dá òun láti fi ìgbà àtijọ́ hàn nìyẹn, òun kò lè yí i padà. Òkúta ni. Kò mọ Edith, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ tún wo ti àtẹ̀gùn. Edith ń gun àtẹ̀gùn ilé lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, Kirk nawọ́ gbá a mú kí ó tó ré lulẹ̀. Kò ronú rárá, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣe é. Spock dúró lókè, ó rí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àyànmọ́ ni, kí ló dé tí kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ikú ti súnmọ́ tó ìwọ̀n àtẹ̀gùn kan? Lẹ́yìn ìyẹn ni Spock sọ fún un láìfi bò pé bí ó bá tẹ̀lé ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò kú tẹ́lẹ̀ ni yóò kú. Edith kò sí nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Nínú gbogbo eré náà, kò sí ibi tí ẹnì kan ti bi í ní ohun tí yóò fẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Mo máa ń rò ó pé bí wọ́n bá sọ fún un, tí ó sì gbà wọ́n gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá rìn lọ sójú ọ̀nà. Ìyẹn ni ì bá jẹ́ yíyàn, bàbá. Èyí tí a rí yìí, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n kúnlẹ̀ yàn án fún un.

Olóòtú mi àtàtà, mo sunkún níparí, ọkọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló ṣe tí Kirk kò ṣàlàyé fún dókítà yẹn? Àti pé, ta ni obìnrin arẹwà yẹn? (Nọ́ọ̀sì kan, Òṣogbo)

Joan Collins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n sí Alexis inú eré tẹlifíṣàn Dynasty. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé kí ó tún un wò ní òun nìkan, láìsí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀.

Ní ti Kirk, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìṣẹ́jú náà. Kirk àti Edith ń lọ sí sinimá ni Edith dárúkọ McCoy, tí ó ti ń tọ́jú nínú ilé àánú láti ọjọ́ mélòó kan láìjẹ́ kí Kirk mọ̀. Kirk pariwo, ó ní kí ó dúró síbi tí ó wà, ó sì sáré sọdá títì padà. Spock jáde, McCoy jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mọ́ra wọn ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ayọ̀. Edith ń wò wọ́n láti òdì kejì. Ó yà á lẹ́nu pé wọ́n mọra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ojú rẹ̀ wà lára wọn, kò wo ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀. Kirk ta kìjí, Spock pe orúkọ rẹ̀, ó sì dúró. McCoy ni ó kù tí ó fẹ́ sáré, Kirk sì dì í mú gírígírí, ojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí títì. A kò rí ibi tí ọkọ̀ ti gbá a. Igbe rẹ̀ ni a gbọ́.

McCoy bi í bóyá ó mọ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Kirk kò lè fọhùn, Spock ni ó dáhùn pé ó mọ̀. Ẹ ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ó ti rí irú ojú yẹn rí lára ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìròyìn fún ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Kì í ṣe àsìkò àlàyé.

Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ òkúta náà, aṣọ iṣẹ́ wọn ti padà sí wọn lọ́rùn. Scotty, ẹlẹ́rọ ọkọ̀ wọn, ní kí ló dé, pé wọn kò tíì pẹ́ ìṣẹ́jú kan tí wọ́n lọ. Òkúta ní gbogbo nǹkan ti padà bó ṣe wà, pé ọ̀pọ̀ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà tí òun lè sìn wọ́n lọ. Uhura ní ọkọ̀ ti dáhùn, wọ́n ń béèrè bóyá kí wọ́n gbé wọn sókè. Kirk sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan tí ẹnu kì í gbà lórí tẹlifíṣàn nígbà náà, ó ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Wọ́n pòórá, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lórí àwókù náà.